Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ibo la ti lè ṣe MRI ọkàn ní Mainland, l'Ékòó?

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 19, lọ ṣe echo (àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ìró yà), wọ́n sì rí ihò lára ògiri tó pín yàrá òkè ọkàn rẹ̀ sí méjì. Dókítà ní ká lọ ṣe MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, káwọn lè mọ bí ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá ṣe pọ̀ tó. Ṣé echo ò tó ni?

Rédíógíráfà Yábàá
Ẹ má wulẹ̀ béèrè pé "ṣé ẹ ní MRI?" Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ti orí àti ti ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣe phase contrast fún ọkàn, ìyẹn ọ̀nà tí MRI fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, àti ta ló máa ka èsì. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba òpó ńlá méjì kọjá ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n: èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró àtèyí tó ń gbé e lọ sí ara. Bí ọkàn ò bá lábùkù, iye méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dọ̀fóró bá ń gba lítà 8 ní ìṣẹ́jú kan, tí ara ń gba 4, ìlọ́po méjì nìyẹn. Bí ìlọ́po náà bá ti tó 1.5 sókè, àwọn dókítà á máa ronú àtidí ihò náà. Qp:Qs lorúkọ nọ́ńbà yẹn, kí wọ́n rí i pé ó wà nínú èsì. Pé ihò wà, echo ti sọ ìyẹn.

Bọ̀dá Mùṣín
Ẹ kọ́kọ́ lọ bi àwọn dókítà ọkàn ní LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó tó wà ní Ìdí-Àràbà. Bí wọn ò bá tiẹ̀ ṣe é níbẹ̀, wọ́n á mọ ẹni tí èsì rẹ̀ ṣeé gbára lé. Ibì kan wà tí wọ́n gbowó lọ́wọ́ wa, wọ́n ya àwòrán tó dán gbinrin, kò sì sẹ́ni tó wọn ohunkóhun. Ẹ gba CD o, kì í ṣe bébà nìkan.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Kò sí X-ray nínú ẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Kó bọ́ yẹtí, kó tú pín-ìn-nì irun, kó má wọ bùrèsíà tó ní wáyà. Wọ́n á máa ní kó sé èémí, kó ti máa dán an wò nílé. Wọn ò nílò abẹ́rẹ́ gadolinium (oògùn tó ń jẹ́ kí àwòrán hàn kedere) láti wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn. Bí wọ́n bá fẹ́ gún un, ẹ béèrè ìdí.

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé MRI yìí á wá parí ẹ̀?

Rédíógíráfà Yábàá
Ìyẹn sinmi lórí ìfúnpá tó wà nínú òpó ẹ̀dọ̀fóró, Ìyá Ìbejì. Bó bá ń kọ dókítà lóminú, kátítà, ìyẹn rọ́bà tín-ín-rín, ni wọ́n á tì bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ láti wọ̀n ọ́n. Ẹ bi í kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.