Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: onímọ̀ ìrántí wo ni kí n mú fún project?

Ọmọ Òròkí: Ẹ̀yin àgbà, ẹ káàárọ̀ o. Olùkọ́ tó ń bójú tó project mi ní kí n mú ẹnì kan ṣoṣo lára àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí, kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tó ti tẹ̀ jáde àti bí àwọn yòókù ṣe ń tọ́ka sí i. Mo ṣí Google Scholar, ibi tí wọ́n ti ń wá ìwé ìmọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní kàfé kan ní Ọláìyá lánàá, iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka sí wọn gùn bíi nọ́ńbà fóònù. Ṣé ẹni tí tiẹ̀ pọ̀ jù ni kí n mú?

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà: Elizabeth Loftus ni kí o mú, ọmọ mi. Lọ́dún 1974, òun àti John Palmer fi fíìmù ìjàǹbá ọkọ̀ han àwọn èèyàn. Wọ́n bi àwọn 50 pé báwo ni eré ọkọ̀ ṣe tó nígbà tí wọ́n kọlu ara wọn. Wọ́n bi àwọn 50 mìíràn ní ìbéèrè kan náà, àmọ́ "rún mọ́ra wọn" ni wọ́n fi rọ́pò "kọlu ara wọn". Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní ṣé ẹ rí gíláàsì tó fọ́? Àwọn 7 tó gbọ́ "kọlu" ní àwọn rí i. Nínú àwọn tó gbọ́ "rún", 16! Gíláàsì kankan ò sì fọ́ nínú fíìmù yẹn.

Alákọ̀wé Ìgbọ̀nà: Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Àmọ́ àbúrò, àpapọ̀ iye nìkan máa ń tanni. Wo h-index náà, èyí tí Jorge Hirsch gbé kalẹ̀ ní 2005. h èèyàn jẹ́ 3 bí ó bá ní ìwé 3 tí wọ́n tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà 3 ó kéré tán, tí kò sì ní ìwé 4 tí wọ́n tọ́ka sí ní ìgbà 4. Ká ní ìwé márùn-ún lèèyàn kọ, tí wọ́n tọ́ka sí wọn ní ìgbà 40, 12, 6, 3 àti 1. h rẹ̀ jẹ́ 3. Kò lè jẹ́ 4, torí ìwé kẹrin ò ní ju 3 lọ. Bí 40 yẹn bá di 4000, 3 náà ni yóò ṣì jẹ́.

Kí o sì ṣọ́ra fún orúkọ tó jọra. Ìwé oníṣẹ́ abẹ kan ni mo kà mọ́ ti onímọ̀ tèmi nígbà tí mo ń ṣe project tèmi. Iwájú àwọn tó ń bi mí léèrè ni mo ti mọ̀. Òógùn bò mí.

Bàbá Àrẹ̀mú: Brenda Milner ńkọ́? Ìwé tí òun àti William Scoville kọ ní 1957, wọ́n ṣì ń tọ́ka sí i dòní. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí ọpọlọ Henry Molaison ní 1953, látìgbà náà nǹkan tuntun ò dúró sí i lórí mọ́. Milner ní kí Molaison máa ya ìràwọ̀, kó jẹ́ inú dígí nìkan ni yóò ti máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń já gaara sí i lójoojúmọ́, síbẹ̀ á ní òun ò ṣe é rí. Ìyá mi tó ń ta aṣọ lọ́jà Ọba, tí kì í kọ gbèsè sílẹ̀, ní ìtàn yẹn ba òun lẹ́rù.

Ọmọ Òròkí: Ẹ ṣé gan-an. Màá mú Loftus, torí mo lè dán tiẹ̀ wò lára àwọn ọmọ kíláàsì wa lédè Yorùbá. Ṣé kí n lo "rún wómúwómú"?

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà: Háà! Bí wọ́n bá ti gbọ́ wómúwómú, wọ́n á ti máa ṣa gíláàsì nílẹ̀ kí o tó bi wọ́n. "Rún mọ́ra" ti tó.