Wákàtí márùn-ún ni wọ́n pa àbúrò mi tì sórí àga ní A&E (ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù) ní Ẹ́ńgílàńdì níbí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àǹtí Fúnkẹ́: Ẹ̀yin ará mi, ẹ má bínú tó bá gùn, mi ò tíì sùn látàná. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 22, SS ni (àìsàn sickle cell), kíráísìsì, ìrora líle tí àìsàn náà ń fà, mú un lóru Sátidé, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ń ro ó débi pé ó ń fi eyín gé aṣọ ìbora. A pe áńbúláǹsì títí, mo bá pe Uber, £38, dírẹ́bà tún ń pariwo pé kó má bì sínú mọ́tò òun! Aago kan kọjá díẹ̀ la débẹ̀, aago mẹ́fà ni wọ́n tó fún un ní mọ́fíìn. Nọ́ọ̀sì tó wà níwájú ń bi í léèrè báwo ló ṣe mọ orúkọ oògùn tó fẹ́, ṣé ó máa ń lo oògùn olóró ni. Àbúrò mi tí kì í mutí! Ọmọ òyìnbó kan tó fi ọrùn ọwọ́ ṣubú wọlé lẹ́yìn wa, wọ́n pè é ṣáájú wa. Mo ní kí wọ́n fún mi ní aṣọ ìbora, wọ́n ní kò sí. Mo fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́, ta ló mọ lọ́yà tí kì í gbowó ṣáájú?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ewu o. Tèmi rèé, oyún àwọn ìbejì mi, mo ń sọ fún wọn pé orí ń fọ́ mi, ojú mi ń ṣú, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ló ti lọ sókè! Ọpẹ́lọpẹ́ màmá mi tó yarí fún wọn. Àwa obìnrin dúdú là ń kú jù lórí ìkúnlẹ̀ níbí, ìròyìn àwọn tó ń ka ikú abiyamọ fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Dádì Ayọ̀: Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ti àwọ̀ o. Ìyá òyìnbó tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi, ẹni ọdún 80, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, wákàtí mọ́kànlá ló fi jókòó. Èrò ló pọ̀. Ẹ fi ti lọ́yà sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Látọdún 2012 ni ìlànà ìtọ́jú NICE, àjọ tó ń sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n tọ́jú aláìsàn, ti sọ pé ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn tí ẹni tí kíráísìsì mú bá wọlé ló yẹ kó gba oògùn ìrora. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí PALS ọsibítù yẹn, àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn aláìsàn, ẹ kọ aago tẹ́ ẹ dé àti aago tó gba oògùn. Ṣùgbọ́n kí lẹ sọ fún wọn nígbà tẹ́ ẹ wọlé? Ta ni GP ẹ̀, dókítà àdúgbò ẹ̀? Ṣé ó ní care plan, ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ẹ̀?

Àǹtí Fúnkẹ́: Ẹ ṣé o, Ìyá Ìbejì. Dádì Ayọ̀, ẹ̀yin ò sí níbẹ̀, ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń sunkún. Mo máa kọ ti PALS yẹn.

Kẹ́hìndé Leeds: Dádì Ayọ̀ ẹ jọ̀ọ́. SS lèmi náà, gbogbo ìwé mi wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ṣì máa ń wò mí bí ẹni tó wá tọrọ oògùn. Lọ́dún 2019, Evan Nathan Smith, ọmọ ọdún 21, wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ́síjìn, wọn ò fún un, ó fi fóònù ẹ̀ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, látorí bẹ́ẹ̀dì. Ó kú. Àwọn aṣòfin ṣe ìwádìí, ìròyìn wọn jáde ní Nofẹ́ńbà 2021, wọ́n rí i pé bí wọ́n ṣe ń ṣe wá nìyẹn. Kódà oògùn, ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kì í sanwó ẹ̀ ní Ẹ́ńgílàńdì, èmi tí wọ́n bí àìsàn mọ́ ń san £9.90 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí SS ò sí nínú lísìtì tí wọ́n ti ṣe látọdún 1968.

Dádì Ayọ̀: Mi ò sọ pé kò sí o. Mo ní ká gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ná.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Àǹtí, ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Àǹtí Fúnkẹ́: Kò ní GP. Oṣù kẹjọ rẹ̀ rèé tó ti wá kàwé. Èmi ni mo ní kó má forúkọ sílẹ̀, torí wọ́n máa bi í nípa àìsàn. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n lè torí ẹ̀ fagi lé fisà ẹ̀. Nílé náà a kì í sọ ọ́ síta, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ SS, ẹ̀gbọ́n màmá mi pè é ní àbíkú lójú ẹ̀. Nígbà tá a wọlé, ara ríro ló sọ, torí mo ti kìlọ̀ fún un nínú mọ́tò. Aago mẹ́ta kọjá ni mo tó pariwo pé SS ni.

Ìyá Ìbejì: Yéè, Fúnkẹ́.

Dádì Ayọ̀: Ẹ ti rí i báyìí! Wákàtí méjì, ẹ̀yin gan-an lẹ gbé e pa mọ́!

Kẹ́hìndé Leeds: Aago mẹ́ta ni wọ́n gbọ́, aago mẹ́fà ni wọ́n fún un ní mọ́fíìn. Ta ló ni mẹ́ta tó kù? Ta ló sì ni ìbéèrè oògùn olóró yẹn?

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Ẹ má jà. Àǹtí, àìsàn ò ba fisà ọmọ ilé-ìwé jẹ́, GP kọ́ ló ń fúnni ní fisà. Ó ti san owó ìlera tí wọ́n ń gbà pẹ̀lú fisà, £776 lọ́dún kan, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. GP ò gbọ́dọ̀ torí pé kò ní ìwé ibi tó ń gbé kọ̀ ọ́. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́la, ẹ ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí kílíníìkì sickle cell, ibẹ̀ ni wọ́n á ti ṣe care plan tí A&E máa rí. Ẹ kọ ti PALS lọ́tọ̀, ẹ kọ òótọ́ tí aago mẹ́ta náà síbẹ̀, kò pa ẹjọ́ yín.

Àǹtí Fúnkẹ́: Mo ka gbogbo ẹ̀ fún un, ó ṣì wà ní wọ́ọ̀dù. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wá ní kí n gbé fọ́ọ̀mù GP náà wá, òun fúnra òun lòun máa kọ SS síbẹ̀.