Ẹ gbà mí o: akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ti yàtọ̀, orí mi ti dàrú

Àǹtí Èdè, Adó: Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì Kete, ẹ kú ilé o. Mo ní ilé-ẹ̀kọ́ èdè kékeré kan ní Òkèsà: Faransé, Jámánì, Lárúbáwá. Yàrá méjì péré. Onílé ń dà mí láàmú, jẹnẹrétọ̀ ti kú, àwọn òbí sì ń sanwó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń dájọ. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì Lárúbáwá, ọmọ jẹ́jẹ́ tó máa ń bá mi gbálẹ̀, ló wá ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kèfèrí. Kì í jókòó ti ọmọbìnrin mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fi fídíò àwọn oníbọn han ẹnìkan, ó ní ibẹ̀ làwọn ọkùnrin gidi wà. Mo gba fóònù rẹ̀, ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ṣé kí n lé e ni? Ẹ má bú mi o, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́: Lé e kíá! Ẹ ti gbàgbé Ọ̀wọ̀ ni? Ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, 2022, àwọn oníbọn pààyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ ìsinmi. Àbúrò ọkọ mi wà nílùú yẹn. Títí dòní, tí ilẹ̀kùn bá dún gbàgà, á fò sókè. Ìdí nìyẹn tọ́mọ mi ò fi ní kọ́ Lárúbáwá láé.

Alfa Ìkọ́lé: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, èdè kì í pààyàn. Mo ti kọ́ ọmọ pásítọ̀ ní Lárúbáwá rí. Mùsùlùmí ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni ìyá mi, abọ́ kan la ti ń jẹyán. Àǹtí, ọmọ ọdún mélòó ni? Ta ló ń kọ́ ọ? Ta ló fi fídíò ránṣẹ́ sí i?

Ìyá Ìbejì: Ẹni ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Alfa Ìkọ́lé: Ekòló gan-an lẹ rí.

Tíṣà Ìyìn: Ẹ gbà ná. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ àwọn àjèjì ní Gẹ̀ẹ́sì nílùú Ọba (UK). Láti 2015 ni òfin ti wà níbẹ̀ pé kí ilé-ìwé máa kíyè sí irú èyí. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó jìnnà sílé, tí kò tíì gbọ́ èdè, ẹni àkọ́kọ́ tó bá ní sùúrù bá a sọ̀rọ̀ ló ń di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lé e, ẹni tó ń fi fídíò ránṣẹ́ nìkan ló kù fún un.

Àǹtí Èdè: Ọmọ ọdún 17 ni. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀lùbọ́. Ẹ má sì bi mí bí ẹni tí kò mọṣẹ́ rẹ̀. Tíṣà Lárúbáwá mi lọ torí owó oṣù, ọkùnrin kan lórí Telegram ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ lálaalẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Èdè náà dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀.

Bọ̀dá Lọ́yà: Ẹ ti rójú rẹ̀ rí?

Àǹtí Èdè: Kì í tan kámẹ́rà. Mo rò pé ìtìjú ni.

Pásítọ̀ Ọ̀yẹ́: Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Bọ̀dá Lọ́yà: Ẹ máa gbààwẹ̀ o. Ẹ rántí Umar Farouk Abdulmutallab. Lọ́dún 2009 ó ní Lárúbáwá lòun ń lọ kọ́ ní Yemen, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ èdè lóòótọ́. Nígbà tọ́kàn bàbá rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́, bàbá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà l'Ábújá, ní oṣù kọkànlá. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, ọmọ ti wà nínú bàálù tó ń lọ sí Detroit, bọ́ǹbù nínú pátá. Àwọn tó lọ bá lẹ́yìn kíláàsì ló fún un ní bọ́ǹbù náà.

Àǹtí Èdè: Mi ò fẹ́ sọ èyí tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin náà ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà lókè òkun fún ọmọ mẹ́rin. Èmi ni mo fi fọ́tò páspọ́ọ̀tù wọn ránṣẹ́ sí i. Ó ní kí wọ́n má tíì sọ nílé.

Alfa Ìkọ́lé: Làhílà!

Bọ̀dá Lọ́yà: Àǹtí, ẹ má pa nǹkankan rẹ́ lórí fóònù yẹn. Ẹ má bá ọkùnrin náà jà, kó má lọ fura. Ọ̀dọ̀ DSS, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba, lónìí, mo lè tẹ̀ lé yín. Ẹ pe òbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó di alẹ́.

Alfa Ìkọ́lé: Ọmọ yẹn ò tíì ṣe nǹkankan. Kí ìyá rẹ̀ mú un wá, màá jókòó tì í.

Àǹtí Èdè: Wọ́n á ti ilé-ẹ̀kọ́ mi pa o.

Ìyá Ìbejì: Àǹtí, ọjọ́ wo ni wọ́n ń gbéra?

Àǹtí Èdè: Ọjọ́bọ̀ yìí, mọ́tò Àbújá. Ìyá ọmọ náà ò gbé fóònù. Mo ti wọ bàtà, Ọjà Ọba ni mo ń lọ.