Airbrush mi ń tutọ́ ọ̀dà sára ère, ẹ gbà mí o

Ọlọ́wọ́Gbígbọ̀n:
Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ béèrè nǹkan kan, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi brọ́ọ̀ṣì kun ère kéékèèké, àwọn ọmọ ogun oníke tí wọn ò ga ju àtàǹpàkò lọ yẹn, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe díẹ̀, àmọ́ bí ojú ibi tí brọ́ọ̀ṣì gbà ṣe máa ń hàn lára aṣọ ìborùn wọn ti sú mi, ni mo bá lọ ra airbrush, irinṣẹ́ tó ń fi atẹ́gùn fẹ́ ọ̀dà. Dual-action ni (tẹ tírígà, atẹ́gùn á jáde, fà á sẹ́yìn, ọ̀dà á tẹ̀ lé e), kọ́ọ̀bù tí mò ń bu ọ̀dà sí wà lókè, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ 0.3 mm, kọ̀mpurẹ́sọ̀ tó ń fún un ní atẹ́gùn ní táǹkì. Mo ṣe bí mo bá ti tẹ tírígà báyìí wàhálà ti tán nìyẹn.

Wàhálà ò tán o, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé. Tí mo bá bu ọ̀dà sí i á fẹ́ dáadáa fún bí ìṣẹ́jú kan àbí méjì, ká tó wí ká tó fọ̀ ó ti dákẹ́, màá fa tírígà sẹ́yìn, kò sí nǹkan kan, màá tún fà á sí i, ìgbà yẹn ló máa wá tutọ́ pùà sójú ère tí mo ti fi wákàtí kan tọ́jú. Ìgbà míì ẹ̀wẹ̀ ọ̀dà á máa sá kiri lórí ère bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Ẹnì kan ní kí n fi sípíríìtì pò ó, mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀dà dì bí róbà nínú kọ́ọ̀bù, díẹ̀ ló kù kí n sunkún. Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni tàárọ̀ yìí: kọ́ọ̀bù ń hó. Mo ní ó ń hó o, bí omi orí iná, bẹ́ẹ̀ mi ò gbé e ka iná.

Ṣé ọwọ́ mi ni àbí irinṣẹ́ yìí ni? Torí ó ń ṣe mí bíi kí n tà á.

Kùn-ún-Tán:
Tà á fún mi jàre 😂 Àwa tí à ń lo brọ́ọ̀ṣì, brọ́ọ̀ṣì wa ò hó rí.

Abẹ́rẹ́Ṣóńṣó:
Má dá a lóhùn. Àbúrò, má tà á, gbogbo wa la jìyà yẹn. Àmọ́ kí n tó sọ̀rọ̀, psi mélòó, ìyẹn ìwọ̀n agbára atẹ́gùn, lo gbé kọ̀mpurẹ́sọ̀ sí? Báwo lo ṣe ń po ọ̀dà? Báwo ni ère ṣe máa ń jìnnà sí ẹnu airbrush tó? Tó o bá fẹ́ dáwọ́ dúró, kí ni ìka rẹ máa ń ṣe? Ìkẹyìn yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

Ọlọ́wọ́Gbígbọ̀n:
Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. 40 psi, bí mo ṣe bá a náà ni mo ṣe fi í sílẹ̀. Ọ̀dà akírílíìkì olómi inú ìgò kékeré, tí mo bá kán ọ̀dà lẹ́ẹ̀mẹwàá màá kán omi lẹ́ẹ̀mejì. Mo máa ń jìnnà sí ère dáadáa, tó bíi 20 cm, torí ẹ̀rù ẹsẹ̀ aláǹtakùn ń bà mí. Ìka mi ńkọ́? Màá kàn fi tírígà sílẹ̀ ni, á fò padà fúnra rẹ̀ gbàù.

Ìyá Ère:
Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Mo ti rí i. Jẹ́ ká mú un níkọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ mi lè gùn díẹ̀ o.

Ọ̀dà tó ń dákẹ́ tó wá ń tutọ́ yẹn, ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ni kó o wò. Akírílíìkì máa ń yára gbẹ, bí atẹ́gùn sì ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kọjá ló ń gbẹ ẹ́. Ọ̀dà díẹ̀ á gbẹ síbẹ̀, á dí ọ̀nà, ìwọ á máa fa tírígà sẹ́yìn torí o rò pé ọ̀dà ò tó, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà ti kó jọ sẹ́yìn èyí tó gbẹ yẹn, ìgbà tí èyí tó gbẹ yẹn bá wá ṣí ni gbogbo ẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Òun lo pè ní itọ́. Má fà á mọ́. Tó o bá ti rí i pé ó ń dákẹ́, gbé e kúrò lójú ère, fi brọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó o ti rẹ sínú omi ìfọ̀ nu ṣóńṣó abẹ́rẹ́ yẹn, fẹ́ ẹ sórí bébà kan, kó o tó padà sójú ère. Èmi tí mo ti ń ṣe é tipẹ́, mo ṣì ń nù ún ní ìṣẹ́jú mélòó kan síra, kì í ṣe pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ò ní nu abẹ́rẹ́.

Èkejì, ọ̀dà rẹ ki jù. Omi ẹ̀ẹ̀mejì sí ọ̀dà ẹ̀ẹ̀mẹwàá, brọ́ọ̀ṣì nìyẹn bá mu. Pò ó títí á fi ṣàn bíi wàrà. Bó o ṣe máa mọ̀ ni pé kó o fi brọ́ọ̀ṣì fa ọ̀dà yẹn gòkè lára kọ́ọ̀bù nínú, tó bá yọ̀ padà sísàlẹ̀ tó fi àwọ̀ fẹ́lẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó ti tó. Tó bá dúró síbẹ̀ tó ń wò ọ́, kò tíì tó. Tó bá ṣàn lọ tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀, o ti bà á jẹ́, kán ọ̀dà sí i. Má sì lo omi nìkan, ra tínà tí wọ́n ṣe fún irú ọ̀dà yẹn, kó o kán flow improver díẹ̀ sí i, òun ni kì í jẹ́ kó tètè gbẹ sẹ́nu abẹ́rẹ́. Àwọn ọ̀dà kan wà tí wọ́n ti pò sílẹ̀ fún airbrush láti ilé iṣẹ́, bíi Vallejo Model Air, fi irú ẹ̀ kọ́ ọwọ́ ná, tínà díẹ̀ náà kì í ṣe é ní ibi.

Ẹ̀kẹta, 40 psi! Ọmọ mi, ṣé ògiri lo fẹ́ kùn ni? Ọ̀dà tó ti ṣàn dáadáa, 15 sí 20 ti tó o fún ère kékeré. Práímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí à ń kọ́kọ́ kùn, torí ó ki díẹ̀ lè gba 25. Agbára atẹ́gùn yẹn ló ń lé ọ̀dà kiri tó fi ń ya ẹsẹ̀ aláǹtakùn, kì í ṣe pé o sún mọ́ ọn jù nìkan. Ìwọ wá sá lọ sí 20 cm, ibẹ̀ ọ̀dà á ti gbẹ nínú afẹ́fẹ́ kó tó dé ara ère, ìdí nìyẹn tí ara ère á fi máa ha bí iyanrìn tó o bá fọwọ́ pa á, ó dá mi lójú pé ó ń ha. Sún mọ́ ọn, 5 sí 8 cm fún ara lásán, tó o bá fẹ́ fa ìlà tín-ín-rín kó o tún sún mọ́ ọn ju ìyẹn, kó o sì dín atẹ́gùn kù.

Ọlọ́wọ́Gbígbọ̀n:
Ó ń ha mà! Mo ti rò pé oníke yẹn ló burú 😩

Ọ̀gá Kọ̀mpurẹ́sọ̀:
Kí n fi kún ti Ìyá. Tẹ tírígà sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa jáde nígbà tó o bá ń yí psi, torí ohun tí aago ń sọ nígbà tí atẹ́gùn dúró kọ́ ló máa sọ nígbà tó bá ń lọ, á já wálẹ̀. O lè rò pé 20 lo wà kó o sì wà ní 14. Omi inú táǹkì ńkọ́, ṣé o máa ń tú u jáde? Ìdérí kan wà nísàlẹ̀ táǹkì, ṣí i tó o bá ti parí iṣẹ́. Atẹ́gùn tí wọ́n fún pọ̀ máa ń sọ omi sílẹ̀, omi yẹn náà lè gba inú họ́ọ̀sì dé ara ère, tó o bá rí ẹ̀kán omi tí kì í ṣe ọ̀dà, òun nìyẹn.

Àmọ́ ti sípíríìtì yẹn, mi ò gbà o. Èmi ò lo nǹkan míì rí, isopropyl, irú sípíríìtì kan, ni mo fi ń po akírílíìkì mi láti ọjọ́ yìí, kò dì rí.

Ìyá Ère:
Ọ̀gá, ọ̀dà wo lẹ̀ ń lò?

Ọ̀gá Kọ̀mpurẹ́sọ̀:
Tamiya.

Ìyá Ère:
Ẹ̀n-ẹ́n. Wọ́n kọ akírílíìkì sí i lára lóòótọ́ àmọ́ ti Tamiya fẹ́ràn ọtí, tínà tiwọn gan-an ọtí wà nínú ẹ̀. Irú ti Vallejo tó jẹ́ olómi, ọtí ló máa ń jẹ́ kó dì bí róbà. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ìwà wọn ò jọra. Ẹ jẹ́ ká máa béèrè irú ọ̀dà ká tó sọ pé kẹ́nì kan bu nǹkan sí i.

Ọ̀gá Kọ̀mpurẹ́sọ̀:
Mo gba ẹ̀bi mi mà. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni, mo rò pé ọmọ yẹn ò rú u dáadáa ni.

Abẹ́rẹ́Ṣóńṣó:
Ó ku ti ìka àti ti kọ́ọ̀bù tó ń hó. Ìka kọ́kọ́: atẹ́gùn ló ń ṣáájú, atẹ́gùn ló ń gbẹ̀yìn. Tẹ tírígà sílẹ̀, kí atẹ́gùn máa lọ, kó o wá fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí ọ̀dà tẹ̀ lé e. Tó o bá fẹ́ dúró, tì í síwájú kí ọ̀dà kọ́kọ́ dákẹ́, kí atẹ́gùn ṣì máa lọ, kó o tó gbé ìka kúrò. Tírígà tó ń fò padà gbàù yẹn, atẹ́gùn àti ọ̀dà ń kú lẹ́ẹ̀kan náà ni, ọ̀dà díẹ̀ á kù sẹ́nu, ìgbà tó o bá tún tẹ̀ ẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ já lu ère. Ó pé oṣù kan kí ìka tèmi tó gbọ́ràn, n ò purọ́.

Kọ́ọ̀bù tó ń hó yàtọ̀ pátápátá. Atẹ́gùn ló ń rí ọ̀nà padà sínú kọ́ọ̀bù dípò kó jáde níwájú. Bóyá nọ́súlù, ẹnu kékeré iwájú tí ọ̀dà ń gbà jáde, ò jókòó dáadáa, bóyá ọ̀dà gbígbẹ ló dí i, bóyá nọ́súlù ti sán. Sọ òótọ́ fún mi, tó o bá fọ̀ ọ́ tán, báwo lo ṣe ń dá abẹ́rẹ́ padà?

Ọlọ́wọ́Gbígbọ̀n:
Mo máa ń tì í títí kò fi ní lè lọ mọ́, mo wá tún fún un mọ́ra kó má bàa jò.

Abẹ́rẹ́Ṣóńṣó:
Ó ti sán.

Ìyá Ère:
Ó ti sán, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́.

Abẹ́rẹ́Ṣóńṣó:
Nọ́súlù yẹn fẹ́lẹ́ gan-an, abẹ́rẹ́ sì rí bíi ṣíṣẹ́lì tó o bá fi agbára tì í. Wọ́ọ́rọ́wọ́ lo máa tì í, tó o bá ti gbọ́ pé ó fara kan iwájú, dúró níbẹ̀, kó o wá dè é lẹ́yìn. Tó o bá sì fẹ́ tú nọ́súlù, kọ́kọ́ fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn, má jẹ́ kó wà nínú ẹ̀. Gba gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, wo ẹnu nọ́súlù yẹn lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ iná dáadáa kó o padà wá sọ fún wa. Tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì o, tó bá já bọ́ sílẹ̀ o ò ní rí i mọ́ láyé.

Ọlọ́wọ́Gbígbọ̀n:
Mo ti wò ó. Ó sán, bí irun orí ló rí, láti ẹnu wọ inú. Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ náà tẹ̀ díẹ̀. Mi ò tẹ́ aṣọ o, ó já bọ́, mo fi eékún rìn fún ogún ìṣẹ́jú, abẹ́ ẹsẹ̀ àga ni mo ti bá a. Mo ti ní kí wọ́n fi nọ́súlù àti abẹ́rẹ́ 0.3 míì ránṣẹ́ sí mi, irú ti airbrush mi gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè kékeré kan, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀, tí mo bá fun imú lẹ́yìn iṣẹ́, àwọ̀ ọ̀dà ló ń jáde?

Ìyá Ère:
Kò dáa rárá! O ò lo máàsìkì? Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọdé yìí, pé ọ̀dà jẹ́ olómi kò ní kí ẹ máa fà á símú, ó ti di eruku kíkúnná tó lè dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Ra máàsìkì tó ní fílítà fún eruku, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n so mọ́ etí. Tó bá jẹ́ pé wàá lo tínà olóòórùn líle lọ́jọ́ kan, fílítà tó ń gba èéfín kẹ́míkà ni wàá fi sí i. Ṣí fèrèsé. Àpótí tó ní fáànù tó ń fa ọ̀dà síta wà, òun náà dáa, àmọ́ kò rọ́pò máàsìkì. Má tún fọwọ́ kan airbrush yẹn tó ò bá tíì rà á.

Ọlọ́wọ́Gbígbọ̀n:
Mo gbọ́ mà.

Dúdú lábẹ́ Funfun:
Mo pẹ́ dé. Ẹni tó bá gba nọ́súlù tuntun, má kọjú sí ère lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o. Bu omi nìkan sí i, fẹ́ ẹ sórí bébà. Lẹ́yìn náà kán íǹkì sómi yẹn, kó o máa ta àmì tó-tò-tó, kó o fa ìlà, kó o wá gbìyànjú láti so àmì kan pọ̀ mọ́ èkejì kí ìlà má nípọn lójú kan. Kó o tó wá lọ sórí ṣíbí oníke, bí ara ère ni ẹ̀yìn ṣíbí rí, tó o bá bà á jẹ́ kò dun ni.

Tọ́wọ́ rẹ bá ti balẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó o ṣe rèé: fi práímà dúdú kun ère náà tán, jẹ́ kó gbẹ, kó o wá fẹ́ funfun láti òkè nìkan, bí ìgbà tí oòrùn ń ràn sí i lórí. Ibi tí oòrùn ì bá dé á funfun, abẹ́ apá àti abẹ́ aṣọ á dúdú. Tó o bá wá da àwọ̀ fẹ́lẹ́ lé e, òjìji ti wà nílẹ̀ fúnra ẹ̀. Iṣẹ́ tí brọ́ọ̀ṣì máa fi ọjọ́ méjì ṣe.

Kùn-ún-Tán:
Ọjọ́ kan àbọ̀ ni tèmi, ẹ má purọ́ mọ́ wa.

Ọlọ́wọ́Gbígbọ̀n:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Nọ́súlù dé, máàsìkì dé. 18 psi, tírígà ni mo ń tẹ̀ bí mo ṣe ń yí i, Ọ̀gá ẹ ṣé. Kọ́ọ̀bù ò hó mọ́. Mo ba ṣíbí mọ́kànlá jẹ́ kí n tó fọwọ́ kan ère. Ìka mi ṣì ń gbàgbé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó tutọ́ lẹ́ẹ̀mejì lánàá, bébà ló tutọ́ sí. Mo ṣe dúdú àti funfun yẹn fún ọmọ ogun mẹ́rin, mo wá fẹ́ pupa fẹ́lẹ́ lé aṣọ ìborùn wọn, ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ojú brọ́ọ̀ṣì kankan lára ẹ̀, mo gbé e síwájú fìtílà mo kàn ń yí i kiri ni.

Kùn-ún-Tán:
A kí ẹ. Ẹyinjú wọn ńkọ́, ṣé airbrush ló kun ìyẹn náà?

Ọlọ́wọ́Gbígbọ̀n:
Brọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan nínú wọn ń wo ọ̀tún, ojú kejì ń wo ilẹ̀ 😂