Ìgbì EEG nígbà tí wárápá bá mú apá kan ọpọlọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí EEG (àkọsílẹ̀ iná ọpọlọ láti orí awọ orí), ìgbì 6 Hz (ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) yọ ní T7 (ojú ibi kan lórí ẹ̀bátí òsì) fún 40 ìṣẹ́jú-àáyá, aláìsàn sì ń jẹ ẹnu lásán. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé wárápá ni, pé kì í ṣe iṣan?

Èsì 1: Ẹ wò ó bóyá ó ń yí padà. Ìgbì wárápá kì í dúró sójú kan: ó lè bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́ ní 7 Hz, kó máa ga sí i, kó falẹ̀ dé 4 Hz, kó sì tàn dé F7 àti P7 (iwájú àti ẹ̀yìn T7). Tó bá dáwọ́ dúró, ìgbì delta (èyí tó falẹ̀, tí kò tó 4 Hz) ló sábà máa ń gba apá yẹn. Èyí tó bá rí bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ fura sí i.

Èsì 2: Iṣan ẹ̀bátí wà lábẹ́ T7 gan-an. Tí aláìsàn bá ń jẹ ẹnu, ìlà á dúdú, á ṣù bíi burọ́ọ̀ṣì, á sì yára ju 20 Hz lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fílítà 15 Hz (asẹ́ tó ń dín ìgbì tó yára ju 15 Hz kù) nù ún! Iṣan tí wọ́n bá sẹ́ báyẹn á jọ ìgbì beta (ìgbì tó yára) ọpọlọ. 70 Hz ni kẹ́ ẹ fi í sí. Kí impedance (ìdènà iná) ẹlẹ́kítíróòdù tí a lẹ̀ mọ́ awọ orí má sì ju 5 kΩ lọ.

Èsì 3: Ẹ fi ẹlẹ́kítíróòdù F9, T9, P9 (lósì) àti F10, T10, P10 (lọ́tùn-ún) kún un, torí ìsàlẹ̀ ẹ̀bátí. Wárápá kékeré tí kò gba iyè aláìsàn lè má hàn lórí awọ orí rárá.