Mo ti rí ọjọ́ ìbí ìyá àgbà o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Mo bèèrè níjọ́sí bí mo ṣe lè mọ ọdún tí wọ́n bí ìyá tó bí ìyá mi. Ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n, Accra ni wọ́n bí wọn sí, níbi tí bàbá wọn ti ń ṣòwò. Òfin lílé àjèjì tí ìjọba Ghana ṣe ní 1969 ló dá wọn padà sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kàdúná, ẹ ṣé. Ibẹ̀ ni ìwé ìjọba amúnisìn nípa agbègbè Ìlọrin, tí Ọ̀fà wà nínú rẹ̀, wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Gold Coast, ìyẹn Ghana kó tó gba òmìnira, ní òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí tirẹ̀ láti 1912. Mo bá bẹ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Ghana pé kó bá mi wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìbí ibẹ̀.

Ó wá “Raliatu”, orúkọ ìyá àgbà, títí, kò rí i. Abẹ́ L ló ti bá “Laliatu”: ọjọ́ 17 oṣù kẹta 1938, bàbá rẹ̀ oníṣòwò, ará “Ofa”. Níbi tó yẹ kí bàbá fọwọ́ sí, àmì àgbélébùú kékeré kan ló wà, yíǹkì rẹ̀ ti ràn. Ìyá mi fi ìka kan àmì yẹn lórí fóònù mi, wọ́n ní, “Ọwọ́ bàbá wa rèé.” Wọn ò tètè gbé ìka wọn kúrò.

Ẹni tó bá ń wá tirẹ̀, kó máa pe orúkọ náà bí akọ̀wé ibẹ̀ á ṣe gbọ́ ọ. Ó parí, mo ti rí ìdáhùn.