Kí la ké nínú òǹkà?

Ẹ̀yin ará wa,

Mo rí ọ̀rọ̀ tuntun tí Ẹ̀gbọ́n gbé síwájú wa, "ìkékúrú òǹkà", fún ohun tí àmì %.2f ń ṣe nínú C, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà: kí kọ̀ǹpútà kọ òǹkà oní-pọ́ìntì jáde bí ọ̀rọ̀, kí díjíìtì méjì péré sì wà lẹ́yìn pọ́ìntì. Ẹ jọ̀ọ́, kí la ké níbẹ̀? Ẹ fún un ní 2.5, 2.50 ló máa kọ. Ó tún gùn sí i! Ẹ fún un ní 2.678, ó di 2.68. Bó bá jẹ́ pé ó ké e ni, 2.67 là bá rí. Ìkékúrú fúnra rẹ̀ sì ti lọ́kọ: òun la fi ń pe "Ọ̀gb." tí a kọ dípò "Ọ̀gbẹ́ni".

"Ì" tó bẹ̀rẹ̀ "ìkékúrú" yẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Ìkójọ ni iṣẹ́, àkójọ ni ohun tí iṣẹ́ bí. Ohun tó jáde là ń wá orúkọ fún, torí òǹkà inú ẹ̀rọ ò yí padà rárá. Ẹ ní kí Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, 0.30000000000000004 ló máa dá yín lóhùn. Ẹ ní kó fi .2f kọ ọ́, á ní 0.30, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí yẹn ṣì wà níkùn rẹ̀. "Àfihàn òǹkà" ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká pè é. Nínú JavaScript, tí òun náà jẹ́ èdè kọ̀ǹpútà, toFixed(2) ló ń ṣe iṣẹ́ .2f: ẹ kọ (2.5).toFixed(2) + 1, "2.501" lẹ máa rí dípò 3.5, torí ńṣe ló lẹ 1 mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ "2.50". Ọ̀rọ̀ ti dé, iye ti lọ.

(Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé "ìfihàn", kó lọ ṣí Bíbélì rẹ̀ wò.)

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní gírámà kí wọ́n tó bí àwa. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó ń ka márùndínláàádọ́ta láìwo bébà, lé àti dín ni wọ́n fi ń ṣe é, n ò gbọ́ ké lẹ́nu wọn rí. Bí 2.678 ṣe di 2.68, inú lé àti dín ló yẹ ká ti wá orúkọ rẹ̀.

Ní ti ẹni tó ní ká pe dẹ́símà, ìyẹn òǹkà oní-pọ́ìntì, ní "ìdámẹ́wàá", àwọn pásítọ̀ ti gba ìyẹn tipẹ́. Èyí tó ní ká máa pe gbogbo rẹ̀ ní "òǹkà alámì tó-tó" ńkọ́? Àwọn ará Jámánì, kómà ni wọ́n ń fi sí ipò pọ́ìntì, 2,50. Ṣé a ó tún un sọ lórúkọ fún wọn ni?